Màmúdù Ta Ẹṣin, Wọ́n Mú Gọ́mbò

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má retí pé kí n fi ẹnu dídùn sọ ọ́ fún yín.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà ní ilẹ̀ Mòǹgólíà tí wọ́n ń pè ní Gọ́mbò. Mi ò rí i rí. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà látìmọ́lé nítorí ẹṣin tí kò jí. Màmúdù, ọmọ ọmọ mi, mọ̀ pé kò jí i. Oṣù mẹ́ta nínú oṣù mẹ́jọ yẹn, èmi náà mọ̀. Mo pa ẹnu mọ́. Mò ń ta abọ́ tánganran mi ní ọjà Race Course, mò ń kírun, mò ń jẹun, mò ń sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lókè òkun, tí ẹ ń kọ lẹ́tà sí wọn, èmi ni kí ẹ wò.

Àdúgbò Sawaba níbí, ní Kùmásì, ni wọ́n bí Màmúdù sí. Ìyá rẹ̀ kú, èmi ni mo tọ́ ọ. Ìjọba Gánà fún un ní sìkọ́láṣípù, ó lọ sí Rọ́ṣíà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran. Ọdún márùn-ún. Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kó parí, lọ́dún 1989, mo ní kí wọ́n bá mi kọ lẹ́tà sí i. Mo ṣì mọ ohun tí mo ní kí wọ́n kọ:

"Màmúdù, gbogbo Sawaba ló ń retí rẹ. Ọmọ Wúlẹ̀mọ̀tù ti Líbíà dé, fíríìjì ló gbé bọ̀. Má ṣe fi ọwọ́ lásán wọlé o. Má dójú tì mí."

Kò sí "báwo lara rẹ" níbẹ̀. Kò sí "ṣé o ń jẹun." Fíríìjì ni mo kọ.

Ní yàrá tí Màmúdù ń gbé nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọmọ Mòǹgólíà kan tí ń jẹ́ Súkè ni wọ́n jọ wà. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi jọ jẹun nínú ìkòkò kan. Bí wọ́n ṣe ṣe ìdánwò tán, Súkè ní, "Má tíì máa lọ sílé. Kọ́kọ́ wá kí ìyá mi."

Wọ́n wọ rélùwéè, wọ́n tún gun lọ́rì. Bí Màmúdù ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi, ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á. Koríko nìkan, òkè, àti òfuurufú. Kò sí igi kan ṣoṣo tí èèyàn lè jókòó sábẹ́ rẹ̀. Àgọ́ róbótó funfun méjì ló dá dúró sínú gbogbo ilẹ̀ yẹn, irun àgùntàn ni wọ́n fi ṣe é, èéfín ń jáde láàárín orí rẹ̀.

Súkè ti òkèèrè ké pé, "Ẹ mú ajá yín o!"

Màmúdù wò ó. "Ṣé bí o ṣe ń kí ìyá rẹ nìyẹn?"

"Bí gbogbo èèyàn ṣe ń kí ara wọn níbí nìyẹn. A kì í kan ilẹ̀kùn. Wàá ní kí wọ́n mú ajá, wàá wọlé, wàá jẹun."

"Bí wọn ò bá sí nílé ńkọ́?"

"Wàá jẹun náà. Ta ló ń ti ilẹ̀kùn?"

Màmúdù rántí àgádágodo mẹ́ta tó wà lẹ́nu ìsọ̀ mi. Ó mi orí.

Bó ṣe fẹ́ wọlé báyìí, ó fi ẹsẹ̀ tẹ igi tí wọ́n fi dábùú ẹnu ọ̀nà. Ohùn ńlá kan bú jáde nínú àgọ́: "Ha! Ọrùn onílé ni àlejò yìí ń tẹ̀ mọ́lẹ̀!"

Gọ́mbò nìyẹn. Aládùúgbò wọn ni, àgọ́ tirẹ̀ wà lẹ́yìn òkè kejì. Ó wá mu tíì. Súkè ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún Màmúdù.

Ìyá Súkè, tí ń jẹ́ Dúlúmà, dá a lóhùn pé, "Fi ọmọ sílẹ̀. Kò mọ̀ ni." Ó bu tíì fún Màmúdù, tíì oníwàrà tí wọ́n fi iyọ̀ sí. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé e, ó fi òsì di ìgúnpá ọ̀tún mú. Màmúdù kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Nílùú tiwa náà, ẹ̀yin Màmá," ló wí, "ẹni tó bá na ọwọ́ òsì sí àgbà, ìgbájú ló máa gbà."

Dúlúmà rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè é ní ọmọ òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n pa àgùntàn fún àlejò. Súkè dá a dùbúlẹ̀, ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó fẹ́ la ibì kan tín-ín-rín ní àyà rẹ̀ kó ki ọwọ́ bọ inú, kó já iṣan tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pa ẹran nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kankan kì í kan ilẹ̀.

Màmúdù fò dìde. "Súkè, jọ̀ọ́. Mi ò ní lè jẹ ẹ́. Mùsùlùmí ni mí, o kúkú mọ̀."

"Báwo wá ni?" Dúlúmà béèrè.

Màmúdù ṣàlàyé. Kí ẹran kọjú sí Kíbílà, kí èèyàn ṣe bisimilláhì, kí ó dú u lọ́rùn, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dà tán.

Gọ́mbò tún wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Ó ní, "Kí ẹ̀jẹ̀ dà sórí ilẹ̀ tí a ń jẹ lára rẹ̀? Ìkà gbáà ni èyí."

"Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń ki ọwọ́ bọ àyà ẹran láàyè, ẹ̀yin lẹ wá ń pe èmi níkà?"

"Ọmọ yìí ò ní ẹ̀kọ́!"

"Ẹ̀yin náà ẹ ò ṣe sùúrù!"

Dúlúmà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó gbé bàsíà kan wá, ó gbé e sábẹ́ ọrùn àgùntàn náà. "Dú u sínú èyí," ló wí fún Màmúdù. "Ilẹ̀ ò ní rí i. Ìwọ náà á sì jẹun." Ó wá kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó di etí rẹ̀, títí ọmọ mi fi ṣe tán. Obìnrin tí a kò mọ̀ rí yí àṣà ilé rẹ̀ padà nítorí ikùn ọmọ mi. Bí mo bá rántí ìyẹn, orí mi á gbóná.

Gọ́mbò kò jẹ nínú ẹran náà. Ó gun ẹṣin rẹ̀, ó lọ. Gbogbo àdúgbò, ìwọ̀nba ilé tó wà níbẹ̀, ló gbọ́ pé òun àti ọmọ Áfíríkà jà.

Ọ̀sẹ̀ kejì, abo ẹṣin kan nínú ti Dúlúmà ń tiro, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu. Súkè rò pé ó ti parí. Màmúdù ní kí wọ́n gbé omi kaná. Ó tú ọyún inú rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dì í. Kò pé ọjọ́ márùn-ún, ẹṣin ń sáré.

Dúlúmà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lọ sínú agbo, ó fa akọ ẹṣin kan jáde, ọlọ́dún mẹ́ta, pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun bíi pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó so aṣọ ṣẹ́dà aláwọ̀ ojú ọ̀run mọ́ ọn lọ́rùn, ó fi okùn rẹ̀ lé Màmúdù lọ́wọ́.

"Tìrẹ ni."

"Tèmi? Ẹ̀yin Màmá, ọkọ̀ òfuurufú wo ló máa gbà á?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Súkè ló là á yé e. "O ò ní gbé e lọ síbì kankan. Inú agbo wa ló máa wà. Kò sí ẹlòmíràn tó máa gùn ún. Tó o bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí kó di ogún ọdún, wàá bá ẹṣin rẹ, tàbí kó o bá ọmọ rẹ̀. A máa ń fún àlejò ní ẹṣin kó lè ní ìdí tó máa fi padà wá."

Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Súkè là á yé e. Ẹnu Màmúdù ni mo ti gbọ́ ọ. Nílé tiwa, bí wọ́n bá fún ọ ní àgbò, o lè pa á, o lè tà á, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Ìyẹn ló fẹ́ fi gbèjà ara rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ní kó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Wọ́n ti ṣàlàyé fún un.

Ó ku ọjọ́ méjì kó máa bọ̀ nílé. Ó gun ẹṣin náà lọ síbi kànga, níbi tí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà. Lọ́rì kan dúró síbẹ̀, ọmọ Rọ́ṣíà ló ń wà á.

"Ọmọkùnrin, ta ló ni ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ funfun yìí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ? Wọ́n fún ọ ni?"

"Wọ́n fún mi."

"Tà á fún mi nígbà náà. Kí ni wàá fi í ṣe ní Áfíríkà?"

"Kì í ṣe títà."

Awakọ̀ náà kò jà. Ó kàn ká tapólì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ sókè. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì méjì ló wà níbẹ̀, ńlá, dúdú, ó ń dán, iná pupa àti àwọ̀ ewé ń sáré lójú rẹ̀. Ẹ̀wù awọ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, orin bú jáde lórí pápá.

Màmúdù dúró. Ó sọ fún mi pé ohùn mi lòun gbọ́ nínú orin yẹn. Má ṣe fi ọwọ́ lásán wọlé o.

"Kí lẹ fẹ́ fi ẹṣin náà ṣe?" ló béèrè.

"Kí ni wọ́n ń fi ẹṣin ṣe?"

Màmúdù yọjú wo ẹ̀yìn lọ́rì. Ẹṣin mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló há síbẹ̀, orí èyí lórí ìdí tọ̀hún. Dókítà ẹran ni. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún un ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ó mọ̀ pé ilé ìpẹran ni.

Ó tú aṣọ ṣẹ́dà kúrò lọ́rùn ẹṣin. Ó na okùn sí ọkùnrin náà.

Àsìkò yẹn gan-an ni Gọ́mbò gun ẹṣin tirẹ̀ kọjá lókèèrè. Kò yà. Ó ṣì ń bínú.

Màmúdù fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé, rédíò léjìká. Ó ní owó oúnjẹ tí òun ti ń tọ́jú láti ilé ẹ̀kọ́ lòun fi rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Inú wọn dùn sí i. Ìgbà tó yá ni Súkè wò lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹṣin rẹ dà?"

Ẹ wò ó, ibẹ̀ yẹn ni. Bó bá sọ ọ́ níbẹ̀, ìtìjú lásán ni. Wọ́n á bú u, á tọrọ àforíjì, ó parí. Ṣùgbọ́n ó la ẹnu, ó ní, "Mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kànga, mo wọ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo jáde, mi ò bá a mọ́."

"Ta lo rí níbẹ̀?"

"Mi ò rí ẹnì kankan."

"Ronú. Ẹnì kankan?"

"Gọ́mbò... Gọ́mbò ni mo rí tó ń kọjá."

Òótọ́ ni pé Gọ́mbò kọjá. Òótọ́ kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, òun ló sì fi mú ọkùnrin ọlọ́kùnrin.

Dúlúmà ní, "Gọ́mbò? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi mọ̀ ọ́n. Kì í jalè."

"Ìyá, inú ń bí i sí Màmúdù," Súkè wí. "Ẹ̀yin náà gbọ́ bó ṣe bú u."

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá méjì tí Súkè lọ pè gun alùpùpù wá. Wọ́n mú Màmúdù dání, wọ́n pe Gọ́mbò síta nínú àgọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jáde tẹ̀lé e.

Gọ́mbò kò sá, kò bẹ̀bẹ̀. Ó rìn lọ bá Màmúdù. "Wò mí lójú kó o tún un sọ."

Màmúdù wo ilẹ̀. "Mo ní mo rí yín tí ẹ kọjá ni. Mi ò ní ẹ̀yin lẹ mú un."

"Ṣé èmi ni mo mú un?"

"Mi ò mọ̀."

Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, Màmúdù fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé bàbá náà sínú àpótí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù. Ìyàwó rẹ̀ sáré tẹ̀lé eruku náà títí kò fi rí wọn mọ́.

Màmúdù wọ rélùwéè lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Dúlúmà sin ín dé ibi lọ́rì. Ẹ mọ ohun tí obìnrin yẹn ń sọ? Ó ń bẹ̀ ẹ́! "Ọmọ mi, má bínú. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti jí ẹṣin rẹ. Má jẹ́ kí ó dí ọ lọ́wọ́ láti padà wá."

Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá sílé.

Ẹ ò bá rí Sawaba lọ́jọ́ tó dé! Mo gbé rédíò náà sórí tábìlì iwájú fèrèsé, kí ẹni tó ń kọjá lè gbọ́ ọ. Wúlẹ̀mọ̀tù, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù, wá wò ó, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Àyọ̀kẹ́, o ti borí mi. Fíríìjì tiwa ò lè kọrin."

Mo rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.

Màmúdù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran, àmọ́ ìwé tó máa sọ ọ́ di ọmọ iṣẹ́ ìjọba pátápátá kò tíì jáde. Ìwé yẹn ni gbogbo wa ń retí.

Ní oṣù kọkànlá, mo bá a lẹ́yìn ilé, lẹ́tà kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé náà ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Súkè ni, Nánà. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Ìkíni ló ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ báyìí? Màmúdù, mi ò kàwé, àmọ́ mi ò fọ́jú."

Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà náà ń béèrè bóyá ó tún rántí nǹkan mìíràn, torí Gọ́mbò ṣì wà ní àtìmọ́lé, ó sì ń búra pé òun ò mú ẹṣin kankan.

Mo gbá a létí ọ̀tún. Mo gbá a létí òsì. "Dókítà ẹran! Ìwọ! Ẹni tí wọ́n fi ẹran kẹ́!"

Ó ń sunkún. "Nánà, ṣé kí n kọ̀wé sí wọn?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wallahi, ó ti dé ẹnu mi. Mo wá rántí ìwé ìjọba. Tí ìròyìn bá dé ọ́fíìsì pé ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà ló ta ẹṣin àwọn èèyàn fún alápatà, tó tún mú kí wọ́n ti aláìṣẹ̀ mọ́lé, ta ni yóò fi màlúù rẹ̀ lé e lọ́wọ́?

Mo ní, "Dúró ná. Jẹ́ kí ìwé iṣẹ́ rẹ jáde ná."

"Gọ́mbò ńkọ́?"

"Ṣé Gọ́mbò ló ń bọ́ ọ ni?"

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Èmi, ìyá àgbà, tí mò ń lọ sí àsàlátù. Mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi í sáàárín àwọn abọ́ tánganran ní ìsọ̀ mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń fọwọ́ kàn án.

Bí oṣù kejì ọdún 1990 ṣe bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú kan, àsàlátù wáyé nílé mi. Bí obìnrin mẹ́wàá la jókòó sí pálọ̀. Kwasi tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Adum wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí rédíò náà ti jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Àṣáńtì ni, ó ti lọ sí Rọ́ṣíà ṣáájú Màmúdù, ó sì gbọ́ èdè wọn. Màmúdù alára ti jáde.

Wúlẹ̀mọ̀tù ló wọlé kẹ́yìn. Àpótí lẹ́tà mọ́ṣáláṣí ni gbogbo wa ń lò, òun ló sì máa ń bá wa kó o wá. Ó gbé àpò ìwé kan sókè, òǹtẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ní àwòrán ẹṣin.

"Àyọ̀kẹ́! Àwọn ará ìlú ẹlẹ́ṣin tún kọ̀wé o! Wọn ò tíì kí yín tán."

Mo na ọwọ́. "Gbé e wá."

"Haba! Ìgbà wo lo kọ́ èdè Rọ́ṣíà? Kwasi rè é."

Ó ti já a. Fọ́tò kan jábọ́: obìnrin kan pẹ̀lú ọmọ kéékèèké méjì, níwájú àgọ́ funfun.

"Yéè! Ìyàwó Màmúdù rè é!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ó ti bímọ méjì sí wọn lọ́wọ́!"

"Ìyàwó kẹ̀? Èyí ti dàgbà jù. Àna rẹ̀ ni!"

Kwasi ti ń kà á sínú. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó ká ìwé náà. "Maame Àlátà, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín," ló wí, torí Àlátà làwọn Àṣáńtì ń pe àwa Yorùbá, "ẹ jẹ́ kí n fún Màmúdù tó bá dé."

"Aden? Kí ló dé?" Wúlẹ̀mọ̀tù ní. "Ṣé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló wà níbẹ̀ ni? Ka nǹkan fún wa jàre."

Kwasi wò mí. Mo lè ní kó má kà á. Ilé mi ni. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ti sú mi, ẹ jọ̀wọ́. Mo ní, "Kà á."

Ó kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Màmúdù, èmi Dúlúmà ni. Lẹ́tà kejì tí a kọ sí ọ rè é. Ìyàwó Gọ́mbò ló wà nínú fọ́tò yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n fi ránṣẹ́, kó o lè rí wọn. Awakọ̀ lọ́rì tó ń kó ẹṣin ti padà wá síbi kànga. Ó bi wá bóyá ọmọ Áfíríkà yẹn tún ní ẹṣin mìíràn tó fẹ́ tà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Súkè sáré lọ bá àwọn ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n awakọ̀ náà ti lọ, wọ́n ní ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé, ìwọ lo gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò béèrè ẹṣin lọ́wọ́ rẹ. Mo fún ọ, o tà á. Ṣùgbọ́n yìnyín ti bo ilẹ̀, kò sí ẹni tó máa kó ẹran Gọ́mbò lọ síbi tí koríko wà. Ìyàwó rẹ̀ kò lè dá a ṣe. Kọ̀wé, kí ọkùnrin náà lè máa lọ sílé."

Kwasi gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wúlẹ̀mọ̀tù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Lẹ́tà kejì ló wí. Àkọ́kọ́ dà?"

Mo da ojú fọ́tò náà délẹ̀.

"Àyọ̀kẹ́, mo ní àkọ́kọ́ dà?"

"Ó wà ní ìsọ̀ mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù kọkànlá."

"O sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ó dìde, ó fa ìborí rẹ̀ bo orí. "Èmi tí mo rò pé o borí mi," ló wí. Kò bú mi. Ì bá ti bú mi! Wọ́n jáde ní méjì-méjì, kò sí ẹni tó dá sàláámù fún mi.

Nígbà tí Màmúdù wọlé, èmi àti Kwasi nìkan ló kù. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì.

"Jókòó. Mú bírò."

"Nánà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìwé iṣẹ́ mi..."

"Mo ní mú bírò!"

Ó ń kọ, Kwasi ń yọjú wò ó lórí èjìká. "Maame, ó kọ ọ́ pé àṣìṣe kan wáyé."

"Àṣìṣe wo? Ta ló ṣe é, atẹ́gùn ni? Ya á! Kọ ọ́ pé, èmi Màmúdù ni mo ta ẹṣin. Kọ ọ́ pé mo parọ́. Kọ orúkọ Gọ́mbò síbẹ̀, kí ẹni tó bá kà á mọ ẹni tó yẹ kó tú sílẹ̀."

Ìwé mẹ́ta ló ya kó tó kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi fúnra mi ni mo dì í lọ́wọ́ mú dé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Adum, bí ẹni mú ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. A fi tẹligíráàmù ránṣẹ́, a fi lẹ́tà tẹ̀lé e. Látibẹ̀, mo ní kó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ó lọ. Wọ́n ní kó máa lọ sílé ná. Ìwé ìjọba kò jáde mọ́ títí dòní. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn kiri báyìí, ó ń fún ewúrẹ́ àwọn èèyàn lóògùn aràn. Àánú rẹ̀ kò ṣe mí.

Oṣù karùn-ún ni èsì dé. Mo ránṣẹ́ sí Kwasi, mo ránṣẹ́ sí Wúlẹ̀mọ̀tù pẹ̀lú. Mo ní bó ṣe gbọ́ ìbàjẹ́ mi, kó gbọ́ èyí tó kù. Ó wá. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló jókòó sí.

Súkè ló kọ ọ́. Wọ́n ti tú Gọ́mbò sílẹ̀ níparí oṣù kẹta. Ó gun ẹṣin délé, ó bá ẹran rẹ̀ nílẹ̀. Nínú àgùntàn bí ọgọ́ta, méjìlá ló kù. Àwọn yòókù dúró lójú kan nínú yìnyín, ebi pa wọ́n kú, torí kò sẹ́ni tó kó wọn lọ. Dúlúmà fún un ní mẹ́wàá nínú tirẹ̀. Ó gbà wọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì wọ ilé Dúlúmà láti ìgbà tó ti dé. Súkè ní kí Màmúdù má kọ̀wé sí òun mọ́.

"Ó ku ìlà kan," Kwasi wí. "Gọ́mbò ló ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́."

"Kà á."

"Ó ní: Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan bá ọmọ náà sọ. Ẹ kàn bá mi béèrè ẹni tó tọ́ ọ."

Màmúdù na ọwọ́ sí bírò. Mo gbá a kúrò.

"Kwasi, èmi ni kó o bá kọ ọ́. Kọ ọ́ pé: Èmi ni. Àyọ̀kẹ́ ni orúkọ mi, Sawaba, Kùmásì. Mo mọ̀ fún oṣù mẹ́ta pé ẹ ò jí ẹṣin, mo sì dákẹ́."

Ó kọ ọ́. Ó gbé orí sókè. "Ṣé kí n fi kún un pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí?"

"Rárá," mo wí. "Kì í ṣe ohun tó bi mí nìyẹn."